Ẹ Bèèrè, A Fèsì: Ẹni Tí Kò Lè Dúró Pẹ́ Lórí Ìlà Nínú Ọgbà Ìṣeré

Láti ìgbà tí ọlidé ti ń súnmọ́ ni lẹ́tà lórí ọgbà ìṣeré ti ń ya wọlé. Láti London, láti Texas, láti Ìbàdàn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń gbé gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà kó tò fún wákàtí kan, báwo ni yóò ṣe gbádùn ọgbà náà? A mú lẹ́tà márùn-ún nínú wọn. Ohun kan wà tó kan gbogbo wọn, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ná. Páàsì tí àwọn ọgbà ńlá ń fúnni kì í pa ìdúró rẹ́. Ibi tí èèyàn ti máa dúró ló ń yí padà: dípò àárín èrò, ẹ lè jókòó sábẹ́ igi. Ẹni tó bá rò pé òun kàn máa kọjá síwájú gbogbo ènìyàn ló máa ń bá òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà jà.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, ní autism. Bí èrò bá ti yí i ká, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, á sì máa fi ọwọ́ lu orí ara rẹ̀. A fẹ́ mú un lọ sí Alton Towers ní ọlidé oṣù kẹwàá. Wọ́n ní páàsì kan wà. Báwo la ṣe ń gbà á? – Ìyá Ayọ̀mídé, Peckham

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Ayọ̀mídé. Ride Access Pass ni orúkọ páàsì náà. RAP làwọn tó ń lò ó ń pè é. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣì máa ra tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé lọ́tọ̀. Iléeṣẹ́ Merlin tó ń darí Alton Towers, Chessington, Thorpe Park àti Legoland Windsor ti gbé iṣẹ́ yíyẹ ìwé wò fún Nimbus, àwọn tó ń ṣe Access Card. Ọ̀dọ̀ Nimbus lẹ máa kọ́kọ́ dé, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Káàdì tí wọ́n máa ń tẹ̀ jáde ń gba £15 fún ọdún 3. Kí ẹ tó san ohunkóhun, ẹ wo ojú ewé Merlin bóyá ìforúkọsílẹ̀ ọ̀fẹ́ lásán ti tó fún ohun tí ẹ fẹ́ ṣe.

Ìwé ẹ̀rí ni ọ̀pọ̀ òbí ti máa ń ṣubú. Ẹ lè lo lẹ́tà DLA ọmọ náà (owó ìrànwọ́ ìjọba fún ọmọ tó ní àìlera), EHCP rẹ̀ (ìwé ètò ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́), tàbí lẹ́tà dókítà àwọn ọmọdé. Lẹ́tà tó kàn sọ pé “ọmọ yìí ní autism” kò ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀, torí orúkọ àìsàn kọ́ ni Nimbus ń tẹ̀ sórí káàdì. Àmì ni wọ́n ń tẹ̀, èyí tó ń fi ohun tí ẹni náà nílò hàn. Nítorí náà, kí lẹ́tà yín sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ìlà gan-an: ìṣẹ́jú mélòó ló lè fara dà á, kí ló máa ń ṣe lẹ́yìn náà, ta ló máa ń dì í mú kó má baà ṣe ara rẹ̀ léṣe. Bó bá jẹ́ pé ó máa ń sá lọ, ẹ kọ ọ́. Ojú kì í ti ẹnikẹ́ni lórí fọ́ọ̀mù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kan ààbọ̀ ṣáájú, torí bí ìwé kan bá kù, wọ́n á dá a padà, ẹ ó sì tún tò sẹ́yìn.

Bí Nimbus bá ti fọwọ́ sí i, ẹ wá lọ sí ojú ewé Alton Towers, kí ẹ gba RAP fún ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ. Iye RAP tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan níwọ̀n, bẹ́ẹ̀ gbogbo ènìyàn ló ń fẹ́ ọjọ́ ọlidé. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà kí ẹ tó rí i pé RAP ọjọ́ náà ṣì wà. RAP kan gba ọmọ náà àti ẹni 3 mọ́ ọn. Bí ẹ bá tó 6 nílé, ẹ ti pín ara yín láti ilé.

Báyìí ló ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ká ní pátákó ẹ̀rọ ìṣeré kan sọ pé ìlà rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 60. Ẹ máa gba ẹnu ọ̀nà RAP wọlé, ẹ máa gùn ún, àmọ́ páàsì yín yóò wà ní títì títí ìṣẹ́jú 60 yẹn yóò fi pé kí ẹ tó lè lò ó níbòmíràn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn fi ẹ̀rọ tí ìlà rẹ̀ gùn jù bẹ̀rẹ̀ ní aago 10 àárọ̀, kí ọmọ wá máa bèèrè òmíràn fún wákàtí kan ààbọ̀ gbáko. Ẹ fi àwọn tí ìlà wọn kúrú bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ fi èyí tó gùn jù sí bí aago 12, kí oúnjẹ ọ̀sán lè jẹ àkókò náà.

Ẹ wọn ọmọ yín nílé o. RAP kì í yí òfin lórí bí èèyàn ṣe ga tó padà: mítà 1.4 ni àwọn ẹ̀rọ tó ń jẹ́ Nemesis, Oblivion àti The Smiler ń fẹ́, mítà 1.2 ni Wicker Man. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 9 ni kò tíì tó 1.4. Ọmọ tí ẹ ti fi fídíò The Smiler hàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n wá dá padà nítorí ínṣì kan, ariwo ọjọ́ náà yóò ju ti ìlà lọ. Àti pé okùn ọrùn aláwọ̀ ewé tó ní òdòdó sunflower, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Gatwick ní 2016, dára láti wọ̀ ọ́, torí ó ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé kó ṣe sùúrù. Kò rọ́pò RAP.

Ọmọbìnrin mi, ọdún 14, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS. Oṣù keje la fẹ́ lọ sí Disney ní Orlando. Ẹnì kan tí àìsàn wọn jọ kan náà ní wọ́n kọ̀ láti fún òun ní DAS. Ṣé ká kúkú má lọ ni? – Màmá Tèmi, Houston

Ẹ lọ. Ohun tí a ó kàn sọ ni pé kí ẹ má gbé ètò yín ka DAS.

DAS, Disability Access Service, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2013. Ó ń jẹ́ kí èèyàn gba àkókò ìpadàbọ̀ lórí áàpù: bí ìlà bá jẹ́ wákàtí kan ní aago 11, ẹ ó padà wá ní nǹkan bí aago 12, ẹ ò sì lè mú òmíràn títí ẹ ó fi lo ìyẹn. Ní 20 oṣù karùn-ún 2024, Disney ti Florida yí ẹni tó tọ́ sí padà; ti California tẹ̀ lé e ní 18 oṣù kẹfà. Láti ìgbà náà, wọ́n ní ó wà fún àwọn tí àìpé ìdàgbàsókè bí autism tàbí ohun tó jọ ọ́ kò jẹ́ kí wọ́n lè dúró pẹ́ lórí ìlà. Sickle cell kò sí nínú gbólóhùn yẹn. Ẹ lè bèèrè síbẹ̀. Fídíò ni wọ́n fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ṣáájú ìrìn àjò. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ wà níwájú kámẹ́rà, wọn kì í sì bèèrè lẹ́tà dókítà. Ẹ ṣàlàyé bó ṣe rí, kí ẹ má fi nǹkan kan kún un. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ bi wọ́n lórí fídíò kan náà pé kí ni wọ́n lè ṣe fún ẹni tí kò lè dúró nínú oòrùn.

Ìdáhùn wọn sábà máa ń jẹ́ Attraction Queue Re-Entry. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ náà pé ọmọ yín lè nílò láti jáde. Àwọn yòókù á tò, òun á lọ jókòó síbi tútù, á sì padà bá wọn kí wọ́n tó gùn. Ó dára, àmọ́ ó ń fẹ́ àgbàlagbà méjì, ọ̀kan lórí ìlà, ọ̀kan lọ́dọ̀ ọmọ, pẹ̀lú fóònù tí bátìrì rẹ̀ kún. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin àti Tèmi nìkan, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó wọlé, kí òṣìṣẹ́ fi ọ̀nà mìíràn hàn yín.

Ohun kejì ni kẹ̀kẹ́ arọ. A mọ̀ pé ọmọ ọdún 14 lè kọ̀ jálẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà tí èèyàn ti ń rìn láti àárọ̀ dalẹ́, ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ìlà. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ó lè lò ó fún wákàtí méjì péré, kó sì gbé báàgì sórí rẹ̀ nígbà tó kù. Kò ní gbé yín síwájú ìlà: ní Florida, ọ̀pọ̀ ìlà ló fẹ̀ tó kẹ̀kẹ́, nítorí náà orí ìlà kan náà ni wọ́n ń gbà. Bí owó bá gbà bẹ́ẹ̀, Lightning Lane, ìlà kúkúrú tí gbogbo ènìyàn lè fi owó rà, wà. Àwọn tó dé sí hòtẹ́ẹ̀lì Disney lè rà á láti ọjọ́ 7 ṣáájú, àwọn yòókù láti ọjọ́ 3. Iye owó rẹ̀ ń yí pẹ̀lú ọjọ́. Ojú wa ni pé ẹ rà á fún ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gun àwọn ẹ̀rọ ńlá, kí ẹ fi ọjọ́ yòókù wo ìran àti ìtolọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́.

Ẹ dé ẹnu ọ̀nà kó tó ṣí. Wákàtí àkọ́kọ́ ni ìlà ń kúrú jù. Láàárín aago 12 sí 4, kí ẹ padà sí hòtẹ́ẹ̀lì, kó sùn, torí oòrùn oṣù keje ní Orlando kò mọ ojú ẹnikẹ́ni, òjò àti àrá sì máa ń dé lọ́sàn-án. Omi ni ọ̀rọ̀ kejì: àwọn ibi tí wọ́n ti ń ra oúnjẹ lórí káńtà máa ń fúnni ní omi tútù nínú kọ́ọ̀bù lọ́fẹ̀ẹ́; kó máa mu ún kí òǹgbẹ tó gbẹ ẹ́. Wọ́n gba kúlà tí kò ju ínṣì 24 × 15 × 18 lọ láàyè. Wọn kì í gba yìnyín wẹ́wẹ́, èyí tó wà nínú àpò dídì ni kí ẹ kó.

Èyí tí èèyàn kì í rò ni òtútù. Ẹ̀rọ omi máa ń rin aṣọ gbingbin, èèyàn á wá wọ ilé tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ bíi ti ilé yìnyín. Fún ẹ̀jẹ̀ SS, àyípadà òjijì yẹn lè fa ìrora ju oòrùn fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ kó aṣọ gbígbẹ àti súwẹ́tà sínú báàgì, kó yí i padà lójú ẹsẹ̀. Kí dókítà rẹ̀ sọ èyí tó lè gùn, pàápàá bí ọlọ inú rẹ̀ (spleen) bá wú, torí irin tó ń de èèyàn mọ́ ìjókòó ń tẹ ikùn. Oògùn ìrora kí ó wà nínú ike tí wọ́n fi tà á. Ilé First Aid wà nínú ọgbà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lè tọ́jú oògùn tó ń fẹ́ fíríìjì. Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38.5°C, tí àyà bá ń dùn ún, tí èémí kò já gaara, tàbí tí apá kan ara rẹ̀ rọ, 911 ni, ẹ má dúró de ohunkóhun.

Àwa kò sì fẹ́ràn orúkọ fòníkú-fọ̀ladìde tí àwọn kan ṣì ń pe àìsàn yìí. Ọmọ ń gbọ́.

Ẹ̀yin ará Houston tún ní ohun kan tí àwọn yòókù kò ní. Morgan’s Wonderland wà ní San Antonio, ọgbà tí wọ́n ṣí ní 2010, tí wọ́n sì kọ́ fún àwọn akàndá láti ìpìlẹ̀. Àwọn akàndá ẹ̀dá kì í san owó ìwọlé níbẹ̀. Ní 2017 wọ́n fi ọgbà omi kún un, kẹ̀kẹ́ tó ń fi afẹ́fẹ́ àkójọ ṣiṣẹ́ sì wà níbẹ̀ fún ẹni tí kẹ̀kẹ́ oníbátìrì rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan omi.

Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ni ẹsẹ̀ ọ̀tún mi láti ìsàlẹ̀ orúnkún. Ní ọgbà kan lọ́dún tó kọjá, mo tò fún ìṣẹ́jú 50, wọ́n wá dá mi padà lẹ́nu rollercoaster (ọkọ̀ eré tó ń sáré lórí irin) lójú gbogbo èèyàn. Ṣé òfin gbà wọ́n láàyè? – Bọ̀dé, Dallas

Ó gbà wọ́n, àmọ́ ó ní ààlà. Òfin ADA ti 1990, òfin Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àwọn akàndá, jẹ́ kí ọgbà ṣe òfin ààbò, tó bá jẹ́ ewu gidi ni wọ́n gbé e kà, kì í ṣe èrò ọkàn nípa ẹni tó ní àbùkù ara. Ìwé tí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà fi lé wọn lọ́wọ́ ni òfin náà ti sábà ń wá.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ irin orí itan nìkan ló ń di èèyàn mú, itan àti ojúgun ló sì ń ṣe ìdákọ̀ró rẹ̀. Ní oṣù keje 2011, ní Darien Lake ní ìpínlẹ̀ New York, ọkùnrin kan tí ogun Iraq ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jábọ́ láti inú Ride of Steel, ó sì kú. Ìdí kejì ni ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀: bó bá yọ níbi eré sísá yẹn, òkò ni. Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dákú. Nígbà tí ọkọ̀ méjì kọlu ara wọn lórí The Smiler ní Alton Towers ní oṣù kẹfà 2015, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ni àwọn tó fara pa fi wà lókè kí wọ́n tó kó wọn sọ̀ tán. Òṣìṣẹ́ ń ro ó pé, ẹni yìí, ṣé yóò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tóóró?

Tìrẹ jẹ́ ìsàlẹ̀ orúnkún, orúnkún rẹ ṣì wà, nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló máa gbà ọ́. Kó o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, wá ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn akàndá lórí ojú ewé ọgbà náà. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ síbẹ̀: ọwọ́ mélòó, ẹsẹ̀ mélòó, ṣé kí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá wà lára tàbí kó kúrò. Bó o bá dé, Guest Services, ọ́fíìsì tó ń dá àlejò lóhùn, ni kó o kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ìlà. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ rollercoaster, ìjókòó ìdánwò wà níta. Jókòó sí i, kí irin náà ti dè kó o tó tò. Wọ ṣòkòtò gígùn, mú ìbọ̀sẹ̀ kùkùté kan sí i dání, torí kùkùté ẹsẹ̀ sábà máa ń súnkì bí ọjọ́ ti ń lọ, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá á sì tú. Bí wọ́n bá dá ọ padà lórí ohun tí kò sí nínú ìwé wọn, pe ọ̀gá wọn, ní kó fi òfin náà hàn ọ́ ní kíkọ, kọ orúkọ ẹ̀rọ àti àkókò sílẹ̀. O lè fi ẹjọ́ náà ránṣẹ́ sí Department of Justice ní ada.gov.

Ọ̀rẹ́ wa kan ní ká háyà kẹ̀kẹ́ arọ fún ẹ̀gbọ́n mi tí nǹkan kan kò ṣe, pé tààrà ni wọ́n máa mú gbogbo wa wọlé ní Florida. – Ẹ má kọ orúkọ mi, Manchester

Rárá. Ọgbọ́n náà ti gbó pàápàá. A ti sọ lókè pé orí ìlà kan náà ni kẹ̀kẹ́ ń gbà níbẹ̀. Ní 2013, ìwé ìròyìn New York Post gbé e jáde pé àwọn olówó kan ń háyà akàndá kí wọ́n lè fi wọ́n fò kọjá ìlà ní Disney. Kí ọdún náà tó parí, Disney ti pa káàdì àtijọ́ tí wọ́n ń lò kí DAS tó dé rẹ́. Àwọn ìdílé tí ọmọ wọn ní autism lọ sí kóòtù, adájọ́ sì dá Disney láre ní 2020. Lónìí, ẹni tó bá parọ́ gba DAS lè pàdánù owó tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì lé e títí láé.

Bàbá wa, ẹni ọdún 71, ẹ̀gbà ti mú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn. Orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n wà. Wọ́n fẹ́ bá àwọn ọmọ-ọmọ wọn lọ sí ọgbà ìṣeré lásìkò ọdún. Ṣé òfin kankan wà ní Nàìjíríà lórí ìlà? – Adébísí, Ìbàdàn

Ó wà, àwọn tó mọ̀ ọ́n ni kò pọ̀. Òfin tó dènà ìyàsọ́tọ̀ àwọn akàndá, tí wọ́n ń pè ní ti 2018, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019, sọ ní abala 26 pé níbi tí ìlà bá wà, akàndá ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn, kó sì jẹ́ ní ìta ìlà tó bá ṣeé ṣe. Ó fún àwọn ilé ìgbogbogbò ní ọdún 5 láti tún ara wọn ṣe, ọdún náà sì ti pé ní 2024. Lagos ní òfin tirẹ̀ láti 2011, LASODA sì ni ọ́fíìsì tó ń bójú tó o. Ẹ tẹ abala 26 sórí fóònù yín. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ kà á fún máníjà; ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì kò ní àṣẹ.

Yálà Trans Amusement Park ní Ìbàdàn lẹ fẹ́ lọ ni o, tàbí Apapa Amusement Park ní Lagos, ẹ pe wọ́n ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi WhatsApp fi fídíò ẹnu ọ̀nà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ìjókòó ẹ̀rọ ránṣẹ́. Ẹnu ni gbogbo ènìyàn fi ń sọ pé “kò sí wàhálà”. Ẹ wọn kẹ̀kẹ́ Bàbá láti etí táyà kan sí ìkejì, kí ẹ bèèrè bí ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe fẹ̀ sí. Ínṣì 32, ó kéré tán, ni ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bí ẹnu ọ̀nà bá ní àtẹ̀gùn kan tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15, pákó tí ẹ máa tẹ́ gbọ́dọ̀ gùn tó mítà 1.8 kó má baà dà bí òkè. Ẹ bèèrè pẹ̀lú: bí wọ́n bá mú iná lọ tí Bàbá wà lókè, ìṣẹ́jú mélòó ni jẹnẹrétọ̀ yóò fi dá a padà? Ṣé wọ́n lè fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ náà sọ̀? Ẹni tó bá kàn ń wò yín láìfèsì, ẹ má gbé Bàbá sórí ẹ̀rọ rẹ̀. Kí dókítà wọn sọ̀rọ̀ lórí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó gbìyànjú ohunkóhun tó yára ju ọkọ̀ ojú irin àwọn ọmọdé lọ.

Ẹ má lọ ní ọjọ́ ọdún gan-an. Ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, láàárọ̀, ìlà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí ẹ bá dé ibi tí iyanrìn wà, ẹ yí kẹ̀kẹ́ padà kí ẹ fà á lẹ́yìn, torí àwọn táyà kékeré iwájú ló máa ń rì. Bí ẹ bá ń sọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí Bàbá kọ ẹ̀yìn sí ìsàlẹ̀, kí ẹni tó lágbára wà nísàlẹ̀ náà.

Ìgbà tí wọ́n bá ń bọ́ sórí ìjókòó ni jàǹbá máa ń ṣẹlẹ̀. Bí ìjókòó bá ga tó ínṣì 14 sí 24 láti ilẹ̀, ó ṣeé bọ́ sí. Ọwọ́ òsì wọn ló dára, nítorí náà ẹ gbé kẹ̀kẹ́ kí ìjókòó wà ní òsì wọn. Ẹ fa bíréèkì méjèèjì. Ẹ ká irin ìtẹ́sẹ̀ sókè: ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dìde, kẹ̀kẹ́ á dojú dé. Olùrànlọ́wọ́ kan kí ó dúró ní ọ̀tún, ibi tí kò lágbára, kó di bẹ́líìtì wọn mú. Kò gbọdọ̀ fa apá yẹn rárá, torí èjìká máa ń yẹ̀ lára ẹni tí ẹ̀gbà mú. Tí wọ́n bá gùn ún tán, kẹ̀kẹ́ tó wà níbi tí ẹ fi sí ti di ti apá ọ̀tún wọn. Ẹ gbé e yí sí òdìkejì kí wọ́n tó dìde. Bí ìjókòó kò bá ní ẹnu ọ̀nà ní òdìkejì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bọ́ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.